Ṣé Johnson fúnra rẹ̀ gba ìròyìn ìgbìmọ̀ Warren gbọ́?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ Bọ́lá Ìgè tí wọ́n pa ní Bódìjà ní 2001 la ń fà títí tó fi kan ti Kennedy, Ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn pa ní 1963. Ẹnì kan ní Ààrẹ Johnson, tó rọ́pò Kennedy tó sì gbé ìgbìmọ̀ Warren kalẹ̀ láti wádìí ikú náà, gan-an ò gba èsì wọn gbọ́. Àhesọ ni àbí òótọ́?

Bàbá Agodi: Òótọ́ ni, ohùn wọn wà lórí téèpù. Ní 18 September 1964, Sẹ́nétọ̀ Richard Russell, ọmọ ìgbìmọ̀ náà, sọ fún Johnson lórí fóònù pé òun ò gbà pé ọta kan náà ló gba ara Kennedy kọjá tó tún bá Connally, gómìnà Texas tó jókòó níwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ṣe sọ. Johnson ní òun náà ò gbà á. Ọjọ́ kẹfà sí i ni wọ́n gbé ìròyìn ìgbìmọ̀ náà, ìwé olójú ewé 888, fún un, Russell sì ti fọwọ́ sí i. Ibi ìkówèésí Johnson ní Texas ló tọ́jú téèpù náà. Ọjọ́ yẹn àti orúkọ Russell ni kí o fi wá a.

Oníṣirò: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iyèméjì ọlọ́lá kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ ṣírò ó. Kámẹ́rà Zapruder, ọkùnrin tó ya fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ń ya àwòrán 18.3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìbọn Carcano tí ìgbìmọ̀ ní wọ́n fi pa á ò lè yìn lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣẹ́jú-àáyá 2.3 tó pé, ìyẹn àwòrán 42. Ìgbìmọ̀ ní àárín àwòrán 210 sí 225 ni ọta kọ́kọ́ ba Kennedy, ti Connally ò sì kọjá 240. Láti 210 dé 240, 30 péré, kò tó 42! Ẹni tó bá kọ ọta kan, kó lọ wá oníbọn kejì. Connally fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́ títí tó fi kú. Ibi táwọn tó ń yàwòrán ẹ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á gbé Connally jókòó gbọnrangandan níwájú Kennedy, orí dọ́gba. Ìjókòó tiẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti Kennedy lọ, ó sì sún sí àárín ọkọ̀ díẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an. Ojú ewé wo wá ni àtakò Russell wà?

Bàbá Agodi: Kò sí níbẹ̀. Wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ bò ó: wọ́n ní kò pọn dandan láti mọ ọta tó bá Connally, wọ́n tún ní ẹ̀rí ọta kan lágbára. Ẹnu méjì nìyẹn, àbí?

Oníṣirò: Bí wọ́n bá mú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tó tún ọ̀rọ̀ náà wádìí, tó jábọ̀ ní 1979, wá bá ọ, rántí pé àwọn náà gba ọta kan, ohùn inú rédíò ọlọ́pàá ni wọ́n fi sọ pé oníbọn méjì ni, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì já ẹ̀rí ohùn náà nírọ́ ní 1982.