"Jọ" kọ́, "dá" ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àríyànjiyàn. Àbúrò wa kan dá a lábàá pé kí a máa pe self-efficacy ní "ìjọra-ẹni-lójú" nínú ìwé tí a ń kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kí "ìkóra-ẹni-níjàánu" sì dúró fún self-leadership, ìyẹn bí ènìyàn ṣe ń tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà. Èyí àkọ́kọ́ bí mi nínú. Nígbà tí ìyá mi àgbà bá wí fún ọmọ pé "o jọ ara rẹ lójú jù", ọmọ náà mọ̀ pé èébú ni òun gbà.

Self-efficacy tí Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1977 kì í ṣe ìgbéraga. Bí ó ṣe dá ènìyàn lójú tó pé òun lè ṣe iṣẹ́ kan pàtó ni. Mo ti ń kọ́ni kí àbúrò wa tó wọ yunifásítì, mo sì ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi òru yanjú ìṣirò tó le láìmikàn, ṣùgbọ́n tí a bá ní kó dìde ṣàlàyé ìṣirò kan náà níwájú kíláàsì, itọ́ á gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó jọ ara rẹ̀ lójú kì í yan iṣẹ́ báyìí, ibi gbogbo ló ń gbé ìgbéraga rẹ̀ lọ. "Dá" la nílò: ó dá mi lójú, mo dá ara mi lójú, ìdá-ara-ẹni-lójú. Bandura fúnra rẹ̀ sọ pé orísun rẹ̀ tó lágbára jù ni ohun tí ènìyàn ti ṣe rí tó sì yọrí, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ń dáni lójú.

Ẹnìkan á ní bí a bá pa fáwẹ́lì jẹ, "dára" ni yóò dún létí. Òótọ́ ni, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pa á jẹ.

Ní ti ìjánu, ìfàsẹ́yìn ló ń sọ. Self-leadership tí Charles Manz, onímọ̀ nípa ìṣàkóso iṣẹ́, ṣàpèjúwe lọ́dún 1986 nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú àjọ ju ìyẹn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní in kò kàn ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn: òun ló ń yan ibi tí òun yóò kàwé dé kí ilẹ̀ tó ṣú, òun ló ń bi ara rẹ̀ bóyá òun dé ibẹ̀, òun náà ló sì ń san ẹ̀san fún ara rẹ̀. "Ìdarí-ara-ẹni" tó o gbé. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó sọ pé ọkọ̀ nìkan là ń darí, pé a kì í darí ara ẹni, kò tíì mú gbólóhùn kan ṣoṣo wá tó kín in lẹ́yìn. Mo ṣì ń retí rẹ̀.