Èdè adití wo ni kí ọmọ mi kọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa l'Abuja là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 5, ń kọ́ Faransé nílé ìwé. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ adití kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì wọn láti Kano, wọ́n sì ti dọ̀rẹ́. Tèmi á na búrẹ́dì sí i, á wá dúró, kò mọ bó ṣe máa bi í bóyá ó fẹ́. Wọ́n ní Maganar Hannu làwọn adití Kano ń sọ, èyí tí Andrew Foster, míṣọ́nnárì kan tó jẹ́ adití, gbé wá láti Amẹ́ríkà sì lọ̀pọ̀ ilé ìwé adití ń lò. Èwo ni ká fi bẹ̀rẹ̀? Ta ló mọ olùkọ́ tó lè máa wá sílé ní Sátidé? Ìyá ọkọ mi ní èdè á dàrú mọ́ ọmọ lẹ́nu. (Ọwọ́ ni, kì í ṣe ẹnu, àmọ́ mi ò dá wọn lóhùn.)