Òdòdó oníke lójú fèrèsé: kí ni kò ní jẹ́ kí oòrùn bà á jẹ́?

Òkun o, ẹ̀yin ará. Kábà ni mo wà. Màmá mi fẹ́ kí n fi òdòdó oníke ṣe àpótí gbọọrọ tí káfíńtà kàn sábẹ́ fèrèsé ìta lọ́ṣọ̀ọ́ kí àwọn ọmọ tó wálé ọdún. Ọ̀kan nínú àwọn fèrèsé náà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Òdòdó aláṣọ wu ojú ju oníke lọ, àmọ́ oòrùn kì í pẹ́ gba àwọ̀ lára rẹ̀. Ṣé oníke ni kí n rà, àbí nǹkan kan wà tí mo lè fín sí aláṣọ? Ọyẹ́ náà ń bọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àti eruku rẹ̀. Ṣé iyanrìn nìkan lè di ìdí òdòdó mú? Ẹ má sọ pé kí n gbin òdòdó gidi o, ewúrẹ́ àdúgbò wa ò ní gbà!