Oníṣègùn Ṣáínà ní kíndìnrín mi ló tutù: ṣé kí n mu àgbo rẹ̀?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Guangzhou ní Ṣáínà ni mò ń gbé, òwò aṣọ ni mò ń ṣe, ọmọ ọdún 43 ni mí. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí nǹkan ọmọkùnrin mi kì í le dáadáa mọ́. Bó bá tilẹ̀ gbéra, kì í pẹ́ tó fi ń rọ̀. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà. Bàbá náà fi ìka mẹ́ta tẹ iṣan ọwọ́ mi, ọ̀tún àti òsì, ó ní kí n yọ ahọ́n. Ó béèrè bóyá ẹ̀yìn ń ro mí, bóyá ẹsẹ̀ mi ń tutù, bóyá mo ń jí tọ̀ lóru. Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo rẹ̀. Ó ní "yang" kíndìnrín mi, ìyẹn ooru àti agbára rẹ̀, ló lọ sílẹ̀. (Lójú tiwọn, kíndìnrín ló ni agbára ọkùnrin, kì í ṣe àìsàn kíndìnrín ti ọsibítù ló ń wí.) Ó wá di ewé yin yang huo àti èso goji fún mi pé kí n máa sè é mu.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé mò ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnìkan tún ń fi kóró oògùn "ewéko" tí kò lórúkọ lọ̀ mí, ìyẹn ò lè wọ ẹnu mi, torí wọ́n máa ń po sildenafil (oògùn òyìnbó tó ń mú nǹkan ọmọkùnrin le) mọ́ irú wọn ní kọ̀rọ̀.

Ta ló ti mu àgbo yìí mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ yẹ ṣúgà àti ọkàn wò ní ọsibítù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.