Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: irú ìrẹsì wo ni kí n fi ṣe ìyá, èwo ni kí n fi ṣe baba?

Àgbẹ̀ Akùrọ̀, Akúrẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Mo ní akùrọ̀ díẹ̀ lọ́nà Ìta-Ògbólú. Irú tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń gbìn. Ó ń ta sánsán nínú ìkòkò, àmọ́ ó ga jù; bí ìjì bá ti jà, gbogbo ẹ̀ á sùn sílẹ̀. Mo fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ irú ìrẹsì ìgbàlódé kan tó kúrú, FARO 44. Àbí kí n kúkú ra háíbíríìdì, irúgbìn ìran àkọ́kọ́ tí wọ́n ti dà pọ̀ fún títà?

Ìyá Ìbejì Ìdànrè: Àbúrò, rọra o. Mo ra háíbíríìdì lọ́dún kan, ó so bí nǹkan míì. Mo wá fi èso ẹ̀ pa mọ́ gbìn lọ́dún kejì (ahun ló kó mi sí i). Òmíràn ga, òmíràn kúrú, èyí gbó, èyí ṣì tutù. Ọdọọdún lèèyàn ń ra irúgbìn ẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀: Òótọ́ ni, mà. Ìran àkọ́kọ́ nìkan ló ń rí bákan náà. Ṣùgbọ́n inú ìran kejì tó rí jágbajàgba yẹn lẹ̀gbọ́n wa á ti ṣa èyí tó kúrú tó tún ń ta sánsán. Wọ́n á máa ṣà á títí dé nǹkan bí ìran 6 sí 8 kó tó dúró lójú kan. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ìrẹsì IR8 tó jáde ní 1966: Peta tó ga láti Indonéṣíà ni ìyá, Dee-geo-woo-gen tó kúrú láti Táíwàn ni baba.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ìwọ àgbẹ̀, kọ́kọ́ wo irú bàbá rẹ dáadáa. Wo awọ fẹ́lẹ́ tó wà níbi tí ewé ti pàdé igi. Bó bá kúrú, tí ẹnu ẹ̀ rí roboto, a jẹ́ pé ìrẹsì Áfíríkà ni, Oryza glaberrima. Bó o bá dà á pọ̀ mọ́ FARO 44, háhá òfìfo ló máa pọ̀ jù nínú ọmọ wọn. Ohun tójú Monty Jones, onímọ̀ ìrẹsì ọmọ Sierra Leone, rí nìyẹn kó tó rí NERICA ṣe, ìyẹn àdàpọ̀ ìrẹsì Áfíríkà àti ti Éṣíà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún dá ọmọ padà sọ́dọ̀ òbí ti Éṣíà. Bí awọ fẹ́lẹ́ yẹn bá gùn, tó ṣe ṣóńṣó, ìrẹsì Éṣíà bíi FARO 44 ni, wàhálà ẹ̀ dín kù.

Irú àtijọ́ kì í ṣe ẹyọ kan ṣá. Lẹ́yìn ìjì, wọ oko, so òwú pupa mọ́ àwọn tó ṣì dúró. Gbin èso igi kọ̀ọ̀kan sí ilà tirẹ̀. O lè rí ohun tó ò ń wá láìfọwọ́ kan òdòdó rárá.

Àgbẹ̀ Akùrọ̀, Akúrẹ́: Ẹ ṣé, sà. Bó bá di dandan kí n dà á pọ̀ ńkọ́? FARO 44 máa ń yọ òdòdó ṣáájú tèmi.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Tìrẹ ni kó o kọ́kọ́ gbìn. Kó o wá máa gbin FARO 44 díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan á bá a pàdé. Ìrẹsì ń gba ara ẹ̀ lóyún, nítorí náà yọ akọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò nínú òdòdó tó o bá fi ṣe ìyá kó tó là, kó o fi bébà bò ó.

Àgbẹ̀ Akùrọ̀, Akúrẹ́: Mo ti lọ wo awọ fẹ́lẹ́ ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó gùn, ó ṣe ṣóńṣó. Òwú pupa ló kù tí màá rà.