Ìsọ̀ kékeré àti ERP: bí tiwa ṣe rí ní Àbújá àti Kàdúná

Olùta táìlì, Dei-Dei

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò wa tó ń ta wáyà àti gílóòbù ní Nyanya béèrè bóyá kí òun ra ERP tí wọ́n gbé wá bá òun. Ìsọ̀ méjì, òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí rí, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́, torí owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ wa.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, sọ́fúwíà tó so gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ mọ́ ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní ERP. Ọmọ ìsọ̀ ta ọjà, iye tó kù ní sítọ́ọ̀ dín kù, owó wọ ìwé àkáǹtì, gbèsè oníbàárà hàn, kò sì sí ẹni tó tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló kọ́kọ́ ń lò ó. SAP, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe irú sọ́fúwíà yìí, ti wà láti 1972. Èyí tí wọ́n ń gbé wá bá irú wa báyìí, Odoo láti Belgium tàbí ERPNext láti Íńdíà ló sábà máa ń jẹ́. Wọn á ní ọ̀fẹ́ ni. Òótọ́ ni pé kóòdù wọn wà tí èèyàn lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹni tí yóò bá yín gbé e kalẹ̀, tí yóò kọ́ àwọn ọmọ yín, tí yóò wá nígbà tó bá dákú, owó ni yóò gbà.

Táìlì àti ohun èlò balùwẹ̀ ni mò ń tà. Ìsọ̀ kan wà ní Dei-Dei, ọ̀kan wà ní Gwarinpa, sítọ́ọ̀ wa wà ní Zuba. Ìgbà tí a ṣí ti Gwarinpa ni wàhálà dé. Wọn á ta ọgbọ̀n páálí níbẹ̀, wọn á gba owó, kí ọkọ̀ tó dé Zuba, àwọn ará Dei-Dei ti kó ọjà yẹn lọ láti àárọ̀. Ẹni tó bá sì ti ta táìlì rí mọ̀ pé ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táìlì kan náà, orúkọ kan náà, bí wọn kò bá ṣe wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu. Ẹ fi páálí mẹ́wàá tó wọlé lánàá kún ogún tó ti wà nílẹ̀, oníbàárà á rí i bí ìlà láàárín pálọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì dá padà. Nítorí náà, ìwé tó kàn sọ pé ọgbọ̀n páálí ló kù kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Ọkùnrin tó gbé ERP wá mọ̀rọ̀ọ́ sọ, kò sì parọ́. Ó fi hàn mí bó ṣe ń ka ọjà, bó ṣe ń san owó oṣù, bó ṣe ń mọ ẹni tó lọ fún ìsinmi, àní bó ṣe ń bójú tó ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde. Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú irú táìlì kan, mo tẹ̀ lé e láti orí tírélà títí dé ilé ẹni tó rà á, mo ń kọ gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni ti kọ nǹkan nípa rẹ̀ sílẹ̀. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ kọ ọ́, ọmọ ìsọ̀ kọ ọ́, awakọ̀ fi WhatsApp sọ ọ́, ó wà lórí rìsíìtì, ó tún wà nínú ìwé tèmi. Níbi kan ṣoṣo ni ìwé ti ń ta ko ara wọn: láàárín Zuba àti ìsọ̀ méjèèjì. Owó oṣù àwọn ọmọ, láti orí fóònù ni mo ti ń fi ránṣẹ́, kò gba àkókò. A kì í ṣe nǹkan jáde. Àìsàn kan ló ń ṣe wá, àpótí oògùn odindi ni wọ́n gbé wá.

Ni mo bá ra sọ́fúwíà tó ń ka ọjà tó sì ń tẹ rìsíìtì, ìyẹn nìkan. Mo rí i dájú pé ó lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní March 14, 2024, tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, a ń tà, a ń kọ, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì padà ni ìsọ̀ méjèèjì tó bá Zuba sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: iṣẹ́ gidi wà ṣáájú sọ́fúwíà. A ti ìsọ̀, a ka ọjà. Táìlì kan ní orúkọ mẹ́ta lẹ́nu ọmọ mẹ́ta. Ẹnì kan ń ka páálí, ẹnì kan ń ka mítà ilẹ̀ tí yóò bò. Páálí 60 sí 60 kan, táìlì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, mítà 1.44. Oníbàárà tó bá ní òun fẹ́ mítà 40, páálí 28 la máa gbé fún un, àfikún rẹ̀ ńkọ́? Èyí tó fọ́ ńkọ́? Bí gbogbo ilé kò bá tíì fẹnu kò sórí orúkọ kan àti ìwọ̀n kan, kò sí sọ́fúwíà tó lè bá yín ṣe é. Ẹ wo Lidl, ilé ìtajà ńlá ti Jámánì. Ní 2018 ni wọ́n pa iṣẹ́ SAP wọn tì, lẹ́yìn tí ìròyìn ní ó ti gba nǹkan bí 500 mílíọ̀nù owó yúrò. Ìròyìn náà ní owó tí wọ́n fi ra ọjà ni Lidl fi ń ṣírò ohun tó wà ní sítọ́ọ̀, sọ́fúwíà sì fẹ́ kí wọ́n fi owó tí wọ́n ń tà á ṣírò rẹ̀. Ẹ béèrè bí sọ́fúwíà ṣe ń ka ọjà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á fún yín, kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì, Kàdúná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Tèmi gba ọ̀nà mìíràn, torí àwa ń ṣe nǹkan jáde. Àpò fúláwà 50 kílò kan wọlé, ṣúgà, yíìsì àti bọ́tà wọ inú rẹ̀, a fi dísẹ́ẹ̀lì gbé ààrò, búrẹ́dì ló jáde, àwọn tó ń gbé e kiri sì kó o lọ láwìn. Lẹ́yìn tí ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu ní June 2023, iye fúláwà ń yí padà lemọ́lemọ́. A ń ta búrẹ́dì láìmọ̀ iye tí ọ̀kan ná wa, àfi ìparí oṣù. Ìwé fúláwà wà lọ́tọ̀, ti ààrò lọ́tọ̀, ti gbèsè lọ́tọ̀. Èmi gba ERPNext, mo sì tún máa gbà á bí ẹ bá tún bi mí lónìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń mọ iye tí búrẹ́dì kan ná wa.

Orí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé búrẹ́dì la gbé e sí. Ní October 2024 tí iná kò sí káàkiri Àríwá nítorí àwọn wáyà iná ńlá tó bàjẹ́, jẹnẹrétọ̀ tó gbé ààrò ló gbé òun náà. A máa ń da gbogbo rẹ̀ kọ sí ibòmíràn lálaalẹ́, torí olè àti iná.

Ẹ má gbàgbé èèyàn. Bàbá tó ń bójú tó ààrò wa, Àjàmí, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá, ló fi ń kọ Hausa, ìwé rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. A ò gba bírò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń kọ tiwọn, ọmọbìnrin kan tó gbọ́ èdè méjèèjì ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Akáǹtáǹtì, Wuse

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó kún un. Bí wọ́n bá ní oṣooṣù lẹ ó máa sanwó, ẹ béèrè bóyá náírà ni tàbí dọ́là. Dọ́là kan kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba kí June 2023 tó dé. Nígbà tó fi máa di February 2024, ó ti kọjá 1,500. Oníbàárà mi kan kò fi òṣìṣẹ́ kan kún iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ owó sọ́fúwíà rẹ̀ fò ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Àwọn atajà kan tún ń fi òfin owó orí dẹ́rù ba èèyàn. Ètò ìnfóìsì orí ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé dé ní 2025, àwọn tó ń ta bílíọ̀nù 5 náírà sókè lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó mọ́ ni ìsọ̀ kékeré nílò, Excel sì lè ṣe é. Kí ẹ sì tó fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín níṣojú yín bí ẹ ṣe máa kó ìwé yín jáde bí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Olùta táìlì, Dei-Dei

Ẹ ṣé, ẹ̀yin méjèèjì. Ìyá oníbúrẹ́dì, ọ̀rọ̀ yín ló yanjú èyí tí tèmi kò kàn.

Àbúrò mi ní Nyanya, má tíì dá ọkùnrin yẹn lóhùn. Mú wáyà kan tó ń tà jù, tẹ̀ lé ìwé rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó gbé e wá títí dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Bó bá jẹ́ ibì kan ni wọ́n ti ń ta ko ara wọn, kàn sí mi, màá fi bí a ṣe to orúkọ ọjà wa ránṣẹ́ sí ẹ. Bó bá ju mẹ́ta lọ, ìyá oníbúrẹ́dì ni kó o bá sọ̀rọ̀.