Ara fínfín ilẹ̀ Japan: ṣé ká fín àárín àyà ni àbí ká fi í sílẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Oníbàárà kan fẹ́ ẹja koi tó ń gun omi lọ sókè, kó kún ẹ̀yìn títí dé ìdí, kó sì yí wá sí àyà. Tebori ni, abẹ́rẹ́ tí wọ́n dì mọ́ orí ọ̀pá, tí wọ́n ń fọwọ́ tì wọ awọ.

Ó fẹ́ ewé maple àti òdòdó sakura pọ̀. Ìgbà ìrúwé ni sakura, ìgbà ìwọ́wé ni maple. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sábà dà wọ́n pọ̀. Lójú tiwa, sakura ni ká yọ. Àbí?

Wàhálà gan-an wà níbi munewari, àyè tí wọn kì í fín láàárín àyà. Oníbàárà náà ní àmì yakuza, ìyẹn ẹgbẹ́ ọ̀daràn ilẹ̀ Japan, ni. Bẹ́ẹ̀, àwọn panápaná Edo (orúkọ àtijọ́ ìlú Tokyo) ti ń fín ara tipẹ́. Àyè yẹn kàn ń jẹ́ kí aṣọ bo iṣẹ́ náà ni. Òfin sáà de ara fínfín láti 1872 títí di 1948. (Ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ onsen ò ní gbà á wọlé lónìí náà.)

Tá a bá fín àyà pa, báwo lẹ ṣe ń so ìgbì omi ọ̀tún mọ́ ti òsì? Bí dúdú ò bá ṣá díẹ̀díẹ̀, ojú oríkèé á hàn. Bí abẹ́rẹ́ bá sì wọlé jù, yíǹkì á tàn lábẹ́ awọ.